Ìlà Tí Ó Kù Lẹ́bàá Ọ̀nà

Ẹni tó bá ń dá kọ ebè ló mọ bí oko ti gùn tó. Bí ọkùnrin márùn-ún bá tò sí ìlà márùn-ún, tí ọ̀kan ń pa ẹ̀fẹ̀, tí èkejì ń dá orin, oòrùn yóò kàn gba orí wọn kọjá ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó dá wà, ohùn ọkọ́ rẹ̀ nìkan ni yóò máa gbọ́; bí ó bá sì sinmi, kò ní gbọ́ nǹkan kan mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni Olúbọ̀dé ṣe ń roko ní Ìkòyí Ìjùmú fún ọdún mẹ́rin, nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Kwara, tí ohun gbogbo tí ìjọba bá fẹ́ ṣe fún wa ní láti ti Ìlọrin wá.

Kì í ṣe pé ó kórìíra ènìyàn. Ó ti wà nínú àáró rí. Ọkùnrin márùn-ún ni wọ́n. Wọ́n á lọ sí oko ẹni kan lónìí, wọ́n á lọ sí ti ẹlòmíràn lọ́la, títí yóò fi kárí. Olúkúlùkù ló ní ìlà tirẹ̀, ẹnì kan kì í sì í fi ọkọ́ kan ìlà ẹnì kejì. Bí ara ẹnì kan kò bá yá, tàbí tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi ìlà rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú koríko lórí, kí ẹni tó bá ń kọjá lè mọ̀ pé ẹni tó ni ín ń bọ̀. Ẹni tó bá kú, tàbí ẹni tí wọ́n bá lé, ni wọ́n ń pín ìlà rẹ̀ mọ́ tiwọn, tí àyè rẹ̀ á sì dí.

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ tó yà wọ́n ṣẹlẹ̀, oko Olúbọ̀dé ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Oko Ọlọ́runlékè, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ló kàn. Ilẹ̀ ọjọ́ náà kò tíì mọ́ tán tí awakọ̀ kan fi wá kan ilẹ̀kùn, ó ní ìyá Olúbọ̀dé ń kú lọ nílùú rẹ̀ lẹ́bàá Odò Ọya, ní ilẹ̀ Ọ̀wọ̀rọ̀. Olúbọ̀dé kó sọ́kọ̀, kò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Ìyá náà kò sì tètè kú. Ó ń mí, ó ń fi ojú wá ọmọ rẹ̀ kiri inú yàrá, òjò sì ń rọ̀. Nígbà tí Olúbọ̀dé fi sin ín tán tó padà dé, iṣu tirẹ̀ ti ń fà lórí ọ̀pá. Kò sí nǹkan kan lóko Ọlọ́runlékè. Ọlọ́runlékè ló ní kí àwọn yòókù dúró de Bọ̀dé, pé kò lè jìnnà. Wọ́n dúró títí àsìkò fi bọ́. Lọ́dún yẹn, Ọlọ́runlékè, àgbẹ̀ ọmọ àgbẹ̀, ra iṣu jẹ lọ́jà lójú gbogbo ìlú.

Kò wá jà. Ó kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà Olúbọ̀dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kò jókòó.

“Bọ̀dé, mo kí ọ kú àṣẹ̀yìndè ìyá. N kò bá ọ jà. Ṣùgbọ́n má wá sí oko mi.”

Láti ìgbà náà, “okun o” ni ó ń gbọ́ lẹ́nu àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, “okun” ni ó sì ń dá wọn lóhùn, kò sì sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ìkíni ilẹ̀ wa ni; a kò lè fi du ọ̀tá pàápàá. Bí Olúbọ̀dé bá fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ gbé kọfí lọ sí Kàbbà, ọ̀nà ọ̀dà ló ń gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó jìn. Ó ti kọ ọ̀nà àtijọ́ oníyẹ̀pẹ̀ pupa tó gba ẹ̀gbẹ́ oko wọn kọjá. Ó mọ̀ pé àyè òun ti dí níbẹ̀, kò sì fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́ láyé. Ní ọjọ́ àáró, kí ojú ọjọ́ tó là, ẹnì kan máa ń dúró lẹ́yìn fèrèsé ẹnì kejì, á ní, “Bọ̀dé, ṣé o ti jí?” Ó fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà mìíràn ó máa ń jí ṣáájú àkùkọ, á dùbúlẹ̀, á máa retí. Ewúrẹ́ ni yóò kọjá.

Hezekiah Bámgbóṣé, tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní eré sísá, ló mú ìròyìn ìje náà wá sí ìdí igi tí wọ́n ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe.

“Àwọn ará Ìlọrin ń bọ̀. Ìje alápá mẹ́ta ni. Wọ́n á wẹ adágún omi dáàmù já, wọ́n á gun kẹ̀kẹ́ yí ká títí dé Kàbbà, láti Kàbbà wọ́n á wá fi ẹsẹ̀ sáré dé pápá ilé ìwé wa níbí.”

Lucy tó ń dín àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ gbé orí sókè nínú èéfín. “Nínú oòrùn yìí? Kí ni wọ́n jí?”

“Wọn ò jí nǹkan kan. Eré ni.”

“Eré! Tíṣà, bí mo bá rí ọkùnrin tó ń sáré láti Kàbbà ní ọ̀sán gangan, tí ẹnikẹ́ni kò lé e, ìyá rẹ̀ ni n ó lọ bá.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Tíṣà wá yíjú sí Olúbọ̀dé tó jókòó ní ìkángun àga. “Ìwọ ńkọ́, Bọ̀dé? Ìwọ lo mọ odò wẹ̀ nílùú yìí. Àwa ọmọ orí òkè, bí omi bá ti dé orúnkún wa, a ti ń pe Jésù.”

Olúbọ̀dé rẹ́rìn-ín, ó dìde. Ṣùgbọ́n bó ti ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sílé, ó ń rí pápá ilé ìwé náà, ó ń rí gbogbo ìlú tí wọ́n dúró yí i ká, òun sì ń wọlé bọ̀ ṣáájú gbogbo wọn. Wọ́n á pariwo orúkọ òun. Kò sí bí àwọn mẹ́rin kan kò ṣe ní gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, bóyá, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ẹnì kan lè wá dúró lẹ́yìn fèrèsé.

Ó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Tíṣà. Òjò àkọ́rọ̀ ti bọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣáájú ọjọ́ ìje, ó rin ilẹ̀ díẹ̀, ó sì padà lọ. Oòrùn tó tẹ̀lé e burú ju ti ẹ̀ẹ̀rùn lọ. Nínú omi, kò sí ẹni tó bá Olúbọ̀dé dọ́gba. Inú Odò Ọya ìlú ìyá rẹ̀, tó ń fa ẹsẹ̀ ọmọ lọ, ló ti kọ́ wíwẹ̀. Omi dáàmù tó dákẹ́ bí omi inú ìkòkò kò jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ jáde nínú omi. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbé kẹ̀kẹ́, ayé yí padà. Kẹ̀kẹ́ kọfí rẹ̀ ni, irin tó fi ń gbẹ́rù ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ará Ìlọrin ń kọjá lára rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni pé wọn kò tẹ ilẹ̀.

“Ọ̀gbẹ́ni, o ò ní gbé wa sẹ́yìn ni?” ọ̀kan nínú wọn kígbe, ó sì lọ.

Ọ̀dà ojú ọ̀nà ti ń yọ́, ó ń lẹ̀ mọ́ táyà, ó ń dún ṣẹẹ bí ẹ̀pà nínú agbada. Ohun tó gba Olúbọ̀dé là ni pé gbogbo ìgbà ló ti ń fi kẹ̀kẹ́ gun òkè pẹ̀lú àpò kọfí lẹ́yìn. Lọ́jọ́ yìí kò ru nǹkan kan. Nígbà tó dé Kàbbà, ẹni méjì péré ló wà níwájú rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kan àti ṣọ́jà kan. Ó ju kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ó kọjú sí ọ̀nà ọ̀dà.

“Kì í ṣe ibẹ̀!” Tíṣà Hezekiah ń kígbe láti orí alùpùpù. “Lọ́rì pọ̀ níbẹ̀! Ọ̀nà àtijọ́ ni! Ọ̀nà oko!”

Ẹsẹ̀ Olúbọ̀dé dúró. Kì í ṣe àárẹ̀ ló dá a dúró. Lẹ́yìn náà ó gba ọ̀nà pupa náà.

Kò sí ohun tó dá wà tó ọ̀nà oko lọ́sàn-án gangan. Àwọn ẹyẹ pàápàá ti pa ẹnu mọ́. Atẹ́gùn kò fẹ́, iná kan tí a kò rí sì ń jó láti ilẹ̀ wá, ó ń mú kí igi máa gbọ̀n lọ́ọ̀ọ́kán. Olúbọ̀dé ń gbọ́ èémí ara rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń mí lẹ́yìn òun. Ó bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, kò rí ẹnikẹ́ni. Òógùn ti gbẹ lára rẹ̀, ó di iyọ̀. Ó bá akẹ́kọ̀ọ́ náà lábẹ́ igi, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ń da omi sórí. Ó kọjá. Lẹ́yìn ìyẹn ló rí ṣọ́jà tó ṣáájú gbogbo wọn. Kò sáré mọ́, ó ń rìn tàgétàgé. Nígbà tí Olúbọ̀dé dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ṣọ́jà náà ní, “Omi wà lọ́wọ́ rẹ?” Olúbọ̀dé mi orí pé kò sí, ó sì ṣáájú.

Òun nìkan ló kù níwájú. Ọ̀nà tó kù kò jìn. Bí ó bá dákẹ́ dáadáa, ó lè gbọ́ ìlù ilé ìwé láti òkèèrè.

Ibẹ̀ ni oko àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti bẹ̀rẹ̀.

Oko Ọlánípẹ̀kun ló kọ́kọ́ kàn. Ó fẹ́ gbé ojú kúrò, ṣùgbọ́n ojú kò gbọ́. Ebè tuntun tò lọ rẹrẹ, ṣùgbọ́n ní etí ọ̀nà, ìlà kan kò ní ebè. Koríko ló wà lórí rẹ̀. Ó rò pé Ọlánípẹ̀kun ṣì ń ṣe ọ̀lẹ ni. Ó sá lọ. Ó dé oko Oyèbánjí. Ebè tò lọ; ìlà kan ní etí ọ̀nà, koríko. Ó dín eré kù. Ó dé oko Ọlọ́runlékè.

Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lábẹ́ igi emi tí à ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, wọ́n ń jẹ iṣu sísun. Ọkọ́ wọn wà ní ìdúró lẹ́nu ìlà mẹ́rin. Ìlà karùn-ún wà lẹ́bàá ọ̀nà, koríko bò ó, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Olúbọ̀dé dúró. Ilẹ̀ ń yí lábẹ́ rẹ̀.

“Okun o,” ló ní.

“Okun,” ni wọ́n dáhùn pọ̀. Ọlánípẹ̀kun gbé iṣu kúrò lẹ́nu. “Bọ̀dé, ta ló ń lé ọ?”

Olúbọ̀dé na ọwọ́ sí koríko náà. Ojú Ọlọ́runlékè ló ń wò. “Ìlà ta nìyẹn?”

Ọlọ́runlékè fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. “Ṣé o ò dá a mọ̀ ni?”

“Mo ní ìlà ta ni.”

“Ọdún kẹrin rèé tó wà níbẹ̀. Bí gbogbo wa bá ti lọ tán, Martha ìyàwó mi ló ń kọ ọ́ kí iṣu má baà ṣòfò. Ó ti ń bú ọ láti ọjọ́ yìí.”

“O ní kí n má wá.”

“Lọ́dún tí mo ra iṣu jẹ ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ebi ló sọ ọ́, Bọ̀dé. Ìwọ náà kò sì wá wo ìlà rẹ.”

“Mo ń retí kí ẹnì kan pè mí.”

“Ta ni wọ́n ń pè wá sínú àáró tó ti wà nínú rẹ̀?” Ọlọ́runlékè bojú wo ilẹ̀. “Àlejò ni à ń pè. A fi àyè rẹ sí etí ọ̀nà lóko gbogbo wa, kí o lè rí i bí o bá ń kọjá. A ò mọ̀ pé o ti kọ ọ̀nà yìí sílẹ̀.”

Ṣọ́jà náà dé, ó ń wọ́ ẹsẹ̀. Ó wo ọkùnrin márùn-ún náà, ó wo iṣu, ó sì kọjá lọ. Alùpùpù Tíṣà tẹ̀lé e.

“Olúbọ̀dé! Ìwọ lo wà níwájú! Ta ló ní kí o dúró? Sáré! O ṣì lè bá a!”

“Tíṣà, ẹ rọra,” Ọlánípẹ̀kun ní. “Ẹ̀yìn ló wà. Ọdún mẹ́rin ló fi wà lẹ́yìn.”

Tíṣà wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò yé e, ó fi ìbínú tẹ alùpùpù rẹ̀, eruku pupa sì bo ọ̀nà. Ọlọ́runlékè bu omi sínú igbá, ó tọ́ ọ wò, ó gbé e fún Olúbọ̀dé. Olúbọ̀dé mu ún jẹ́ẹ́. Wọ́n mú un jókòó sínú ibòji títí ojú rẹ̀ fi wálẹ̀.

Nígbà tí oòrùn yẹ̀ díẹ̀, wọ́n dìde, olúkúlùkù sì lọ sí ìdí ọkọ́ rẹ̀. Ọlọ́runlékè yọ ọkọ́ karùn-ún láti inú igbó, èyí tí Martha fi ń ṣiṣẹ́, ó gbé e lélẹ̀ lẹ́nu ìlà tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, kò fi lé e lọ́wọ́. Olúbọ̀dé mú un. Nọ́ńbà ìje ṣì wà ní àyà rẹ̀. Koríko náà ti ta gbòǹgbò dáadáa. Ebè kan péré, apá rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Àwọn yòókù ti ṣáájú rẹ̀ jìnnà. Kò sẹ́ni tó padà wá ràn án lọ́wọ́. Ẹnì kan kì í fi ọkọ́ kan ìlà ẹnì kejì.

Láti pápá ilé ìwé, ariwo kan sọ, ó pẹ́, orúkọ ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè. Olúbọ̀dé tẹ̀ ba. Nígbà tó sinmi, ó gbọ́ ọkọ́ mẹ́rin níwájú rẹ̀.