Ọjọ́ Tí Mo Ní Kí Uncle Wálé Jókòó

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi gbọ́ ohun tójú mi rí ní Barking, ní London níbí, lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Iṣẹ́ tíṣà ni mò ń kọ́. Wọ́n kó wa jọ láti kọ́ wa bí a ṣe máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn àwọn Haudenosaunee, ìyẹn ẹ̀yà mẹ́fà tó para pọ̀ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Obìnrin kan tó jẹ́ ọmọ wọn ló dá wa lẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀gá mi tó wà níbẹ̀ ní tí mo bá ṣe dáadáa, èmi ni màá kọ́ àwọn ọmọ Year 5 lọ́jọ́ Monday. Àyà mi ń já. Kì í ṣe ẹ̀rù gan-an o, ó dà bí ìgbà téèyàn ń retí result.

Obìnrin náà ní láàárín àwọn, àwọn ìyá ìdílé ló ń yan olóyè. Tó bá ṣìwà hù, wọ́n á kìlọ̀ fún un lẹ́ẹ̀mẹta. Tí kò bá gbọ́, wọ́n á yọ ọ́. Ó ní ká má fi ìyẹ́ ẹyẹ sórí, ká má sín àwọn jẹ o! Ká kàn fi ìlànà náà yan agbẹnusọ fún tábìlì kọ̀ọ̀kan.

Èmi ni wọ́n fi ṣe ìyá tábìlì wa. Mo yan Uncle Wálé, tíṣà àgbà tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ní àdúgbò Thames View.

Wọ́n ní kí tábìlì kọ̀ọ̀kan sọ ibi tó máa kó àwọn ọmọ lọ; àwa ti fẹnu kò pé ká kó wọn wọ ọkọ̀ ojú omi ní Riverside, létí odò. Uncle dìde láti gbẹnu sọ fún wa, wọ́n ní bọ́ọ̀lù ni ká kó wọn lọ wò! Mo wúkọ́. Wọn ò gbọ́. Mo fa ẹ̀wù wọn díẹ̀. Wọ́n ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Ó ku ìkìlọ̀ kẹta. Kí lẹ rò pé mo ṣe?

Mo kúnlẹ̀! "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, àfi ọ̀gá mi. Ojú tì mí, inú tún ń bí mi pé ojú tì mí.

Obìnrin náà rọra béèrè pé ta ló fi Uncle síbẹ̀. Mo ní èmi ni.

Uncle bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n sọ sí mi létí pé: "Dìde jàre! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n gbé class ẹ fún ẹlòmíì ni?"

Mo dìde. "Uncle, ọ̀rọ̀ tábìlì kọ́ lẹ̀ ń sọ. Ẹ jókòó, sà."

Wọ́n jókòó. Mo fi ẹlòmíì nídìí tábìlì wa rọ́pò wọn, ó sì sọ ohun tí a fẹnu kò lé lórí. Ọ̀gá mi ní Monday ti di tèmi.

Lọ́jọ́ Sunday, ìyàwó Uncle dì mọ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. "Ìyá wa! Èmi ti ń kìlọ̀ fún wọn láti ọjọ́ ìgbéyàwó, wọn ò jókòó rí!"

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ọ̀wọ̀ ò ní kéèyàn má sọ òótọ́ fún àgbà. Ẹ̀yin ńkọ́? Àgbà wo lẹ ti ní kó jókòó rí, tí ẹ sì ń pè é ní "sà" lẹ́ẹ̀kan náà?