Ìgbà Tí Ajá Kò Jẹ́ Ká Dọ̀bálẹ̀ ní Bẹẹrẹ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tójú mi rí ní ilé ìtẹ̀wé wa ní Bẹẹrẹ. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ń kí Alhaji, ọ̀gá wa, ni mo bá gbọ́ èémí gbígbóná ní ìpàkọ́ mi. Ẹsẹ̀ méjì tẹ̀ mí léjìká. Ẹsẹ̀ tó ní èékánná!

Ajá ni!

Alhaji ní kí n dìde, wọ́n sì wọlé lọ láìbojú wẹ̀yìn. Mo gbórí díẹ̀, ajá kùn. Mo dá orí padà sílẹ̀ kíá. Ta ló fẹ́ bá a jiyàn?

Báwo lajá ṣe débẹ̀? Àsìkò SAP ni, ètò ìjọba tó mú kí owó wọ́n, gbogbo ilé iṣẹ́ ló ń wá bí wọ́n ṣe máa dín ìnáwó kù. Ràṣídì, ọmọ Alhaji, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú òyìnbó dé, ló di mánéjà. Ó pe ìpàdé, ó ní ìwé títẹ̀ ni iṣẹ́ wa. Oúnjẹ sísè àti géètì ṣíṣọ́, ká gbé wọn fún àwọn ará ìta tó fi irú rẹ̀ ṣiṣẹ́ ṣe. A pàtẹ́wọ́. Ló bá fi kún un pé bí ti géètì bá dára, sítọ̀ ló kàn.

Èmi ni mò ń tọ́jú sítọ̀, níbi tá à ń kó bébà àti yíǹkì sí! Ìyàwó àtàwọn ọmọ sì ń retí mi ní Òkè Padre.

Bí wọ́n ṣe ní kí Baba Lámídì, ọlọ́dẹ wa àtijọ́, máa lọ sílé wọn ní Ọ̀rányàn nìyẹn. Ọkùnrin oníkakí kan rọ́pò wọn, pẹ̀lú ajá tó ń jẹ́ Sájẹ́ǹtì. Wọ́n ti kọ́ ajá náà pé ẹni tó bá dojú bolẹ̀, olè tọ́wọ́ tẹ̀ ni. Kó gùn ún lẹ́yìn bí ẹṣin títí olówó rẹ̀ á fi súfèé. Ṣé wọn ò bi ẹnikẹ́ni bá a ṣe ń kí àgbà n'Íbàdàn ni?

Oníkakí sì ti lọ jẹun ní Ọjà'ba. Ilẹ̀ ni mo wà títí ó fi dé. Àwọn tó ń tẹ̀wé ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, wọ́n ń kí mi pé, "Ẹ kú ìsinmi o!"

Láti ọjọ́ náà, mo há. Bí mo bá dọ̀bálẹ̀, ajá. Bí mi ò bá dọ̀bálẹ̀, Alhaji, tí kì í gbàgbé ẹni tí àyà rẹ̀ ò kan ilẹ̀! Mo dọ̀bálẹ̀ nínú sítọ̀, mo kí wọn láti ojú fèrèsé. Wọ́n ní ta ló ń fara pamọ́? Mo tẹ̀ba díẹ̀ lórí ìdúró. Wọ́n ní, "Àjàní, ṣé ẹ̀yìn ń dùn ọ́ ni?" Mo ní ajá ni. Ràṣídì ní irọ́ ni, ajá ti mọ gbogbo wa. Alhaji ní ìgbéraga ti wọ̀ mí lẹ́wù, kí wọ́n kúkú gbé sítọ̀ náà fún ará ìta.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù mi jọ díẹ̀díẹ̀.

Ni Mógàjí, olórí agboolé Alhaji, bá ti Beyerunka dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, láìránṣẹ́ ṣáájú. Alhaji ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àlùwàlá ìrun Alaasari tán. Ojú wọn kan Mógàjí ní géètì, wọ́n kó agbádá jọ, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja!

Mo fẹ́ pariwo. Sájẹ́ǹtì ti débẹ̀.

Mógàjí ní, "Dìde, ọmọ mi, ó tó bẹ́ẹ̀."

"Ajá ò jẹ́ kí n dìde ni, bàbá!"

Ajá bá fahọ́n lá etí Alhaji. Àlùwàlá ti lọ! Oníkakí ńkọ́? Ọjà'ba!

Alhaji yíjú sí mi láti ilẹ̀. "Àjàní! Ṣé bó ṣe máa ń rí nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ìdúró ni mo fi dáhùn. Wọn ò bi mí pé kí ló dé.

"Ràṣídì! Lọ mú Baba Lámídì wá láti Ọ̀rányàn, kíákíá!"

Oníkakí mú ajá rẹ̀ lọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tó yá, Ràṣídì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá bá mi, ó ní sítọ̀ ò lọ síbì kankan mọ́.

Gbígbé iṣẹ́ fún ará ìta kò burú o. Ọbẹ̀ àwọn tó gba oúnjẹ sísè dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ! Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi bí wọ́n ṣe ń kíni nílé yín hàn wọ́n. Ẹ̀yin ńkọ́, irú àlejò wo ni wọ́n gbéṣẹ́ fún níbi iṣẹ́ yín? Ẹ sọ fún wa.

Lọ́jọ́ tí mo gbọ́ ti sítọ̀ yẹn, mo dọ̀bálẹ̀ fún Alhaji, àyà kan ilẹ̀. Wọ́n ní kí n dìde. Mo bojú wẹ̀yìn ná.