Ṣe Bíi Jósẹ́fù

Ẹ bá mi ṣí fìlà fún ẹni tó ń gba ẹlòmíràn nímọ̀ràn sùúrù. Ẹni ńlá ni. Ẹ wo bó ṣe ń rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, tó ń gbọ́wọ́ lé ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ léjìká bí bíṣọ́ọ̀bù tó ń yan àlùfáà tuntun. Ẹ̀gún kò gún òun, síbẹ̀ ó mọ irú lákáláká tó yẹ ẹni tí ẹ̀gún gún. Bó bá ti sọ tirẹ̀ tán, oorun rẹ̀ á dùn lálẹ́ ọjọ́ náà, nítorí ó ti ṣe rere, kò sì ná an ní nǹkan kan. Ní Ìgandò, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò wọ́n wa.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni kíláàsì wa wà. Pákó la fi kàn án, ó sì sún mọ́ jẹnẹrétọ̀ débi pé igbe la fi ń sọ ìtàn Bíbélì, tó fi mọ́ ti Dáníẹ́lì tó ń gbàdúrà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ìtàn Jósẹ́fù la fẹ́ fi ṣe eré ní ọjọ́ àwọn ọmọdé: bí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe bọ́ ẹ̀wù aláràbarà lára rẹ̀ tí wọ́n tà á, bí irọ́ ṣe sọ ọ́ sẹ́wọ̀n, tí kò sì fi Ọlọ́run sílẹ̀.

Ọmọbìnrin kan tó tó ọmọ ọdún mẹ́wàá la fi ṣe Jósẹ́fù, torí òun nìkan ni ohùn rẹ̀ borí jẹnẹrétọ̀. Ìyá rẹ̀, télọ̀ ní Ẹgbẹ́dá, ló fi àjákù àǹkárá àwọn oníbàárà rán ẹ̀wù náà. Mo rí aṣọ tèmi níbẹ̀, èyí tó ní kò ṣẹ́ kù rárá.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọkùnrin tó ra jẹnẹrétọ̀ fún ìjọ mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá, ó ní ọmọ náà fẹ́ràn eré. Ọjọ́ yẹn gan-an la ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i nínú Bíbélì pé ọkùnrin ni Jósẹ́fù. Olórí àwa olùkọ́, tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì, bọ́ ẹ̀wù lára ọmọbìnrin náà, ó wọ̀ ọ́ fún ọmọ oníjẹnẹrétọ̀. Gbogbo àwa olùkọ́ dúró, à ń wò ó. Kò sẹ́ni tó rántí ibi tó ti ka irú rẹ̀ rí.

“Ìwọ máa ṣe ẹ̀gbọ́n Jósẹ́fù,” ni Mọ́mì wí. “Jósẹ́fù kì í ṣe obìnrin.”

“Mà, ṣé àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá jẹ́ obìnrin ni?”

“Ẹ gbọ́ ọmọ yìí o! Ẹnu bí abẹ! Kí la kọ́ yín? Wọ́n rẹ́ Jósẹ́fù jẹ, ṣé ó bínú? Ṣe bíi Jósẹ́fù jàre!”

“Ṣebí ohun tí mò ń sọ náà nìyẹn, Mà. Ẹ jẹ́ kí n ṣe Jósẹ́fù.”

Mo fi ìwé orin bojú, mo rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo fi ìwé tí mo kà ní yunifásítì ṣe lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Ọmọ náà kò fi wá sílẹ̀. Gbogbo ìgbà tí a bá ń dánrawò ló ń wá, òun náà ló sì ń rán ọmọ oníjẹnẹrétọ̀ létí ọ̀rọ̀ tó bá gbàgbé. “Sunkún dáadáa! Inú kòtò lo wà, kì í ṣe orí bẹ́ẹ̀dì.”

Nígbà tó di ọjọ́ eré, àwọn ẹ̀gbọ́n bọ́ ẹ̀wù lára Jósẹ́fù. Abọ́ sóbò pupa la fi ṣe ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́, ọmọbìnrin yìí ló sì yẹ kó ri ẹ̀wù náà bọ̀ ọ́. Ó wo sóbò, ó wo ìyá rẹ̀ tó jókòó lẹ́yìn, ó ká ẹ̀wù náà, ó fi há abíyá.

“Èyí ò ní kan sóbò. Màmá mi ló rán an.”

“Rì í bọ̀ ọ́ jàre!” ni ẹ̀gbọ́n kejì wí.

“Lọ ri ṣẹ́ẹ̀tì tìẹ.”

Ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Jákọ́bù bàbá Jósẹ́fù, tó fi òwú ṣe irùngbọ̀n, dúró de ẹ̀wù ẹlẹ́jẹ̀ títí, kò rí i, ó bá kàn bẹ̀rẹ̀ ẹkún ṣá.

Lẹ́yìn ìsìn, Mọ́mì pè wá sínú kíláàsì. Ó ní kí ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ bẹ oníjẹnẹrétọ̀ àti ìyàwó rẹ̀, pé ó ba eré ọmọ wọn jẹ́. Bí kò bá bẹ̀ wọ́n, kó má wá sí kíláàsì mọ́.

“Ẹ má bínú, Mọ́mì, ọmọdé ni,” ni ìyá rẹ̀ ń wí lẹ́nu ọ̀nà.

Ọmọ náà kò wo ìyá rẹ̀. Èmi ló wò.

“Àǹtí, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bọ́ ẹ̀wù náà lára mi. Ẹ sọ fún wọn.”

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ, kò ju gbólóhùn kan lọ. Ṣùgbọ́n èmi náà sọ èyí tí wọ́n ń sọ: mo ní kó kúnlẹ̀, kó ṣe sùúrù, kó ṣe bíi Jósẹ́fù.

Ó kúnlẹ̀.