Ìyàwó Tuntun ní Ilé Jíìmù

Ìyá Rilwan kò ní ìjà kankan pẹ̀lú àga ike funfun tó máa ń jókòó lé kírun ní mọ́ṣáláṣí, àfi ọjọ́ Jímọ̀ kan tí ọmọge kan tí kò mọ̀ rí tajú kán rí i lẹ́nu ọ̀nà, tó sì sáré gbé e wá fún un láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Àánú ni ọmọ náà ṣe, ó sì gba àdúrà. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo àwọn obìnrin tó wà lórí ìlà sàfù rẹ̀ forí kanlẹ̀, tó wá ku òun nìkan lókè láàárín wọn, tó ń tẹ orí síwájú díẹ̀ bí ẹni tó ń tòògbé, inú rẹ̀ bàjẹ́ gan-an. Ó sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé, àṣé mo ti dàgbà tó báyìí lójú wọn.

Jemilat lorúkọ rẹ̀, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Aránṣọ ni, Èbúté Mẹ́ta ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, nínú ilé àtijọ́ kan tí kò jìnnà sí ojú irin. Ó ti di ọdún kan ààbọ̀ tí orúnkún ò jẹ́ kó forí kanlẹ̀ mọ́. Tó bá wólẹ̀, kò ní lè dìde láìjẹ́ pé èèyàn méjì fà á. Ọkọ rẹ̀ sì ti kú láti ọdún mẹ́rin. Kò sunkún lójú ẹnikẹ́ni, kódà lójú Rilwan ọmọ rẹ̀. Orí ẹní ìrun ló ti máa ń sunkún ọkọ rẹ̀, nígbà tí iwájú orí bá ti kan ilẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò rí ojú rẹ̀. Orí àga ò gba irú ẹkún bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń fẹ́ padà nìyẹn, kò fẹ́ nǹkan mìíràn.

Dókítà wo ẹsẹ̀ náà títí, ó ní egungun ti ń jẹ díẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ iṣan itan gan-an ló ti rọ, pé ìjókòó ọdún méjìlélọ́gbọ̀n nídìí máṣíìnì ló ṣe é. Ó ní kó lọ máa fi itan ti irin. Ìyá Rilwan bi í pé irin wo. Dókítà ní irin jíìmù.

Rilwan, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yábàá, kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù. Lọ́jọ́ kejì ló ti forúkọ ìyá rẹ̀ sílẹ̀ ní jíìmù kan tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lẹ́yìn ọjà Tèjúoṣó.

Ẹni tó bá mọ obìnrin yìí á rẹ́rìn-ín tó bá gbọ́ pé ẹ̀rù bà á. Abẹ́rẹ́ máṣíìnì iná ti gún un ní àtàǹpàkò rí, ó wọlé níhìn-ín, ó yọ lọ́hùn-ún. Ńṣe ló fi ẹ̀mú fà á yọ, ó fi àkísà dì í, ó sì parí agbádá tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé ẹni tó ni ín ti jókòó dè é. Irú èèyàn tí mò ń sọ nìyẹn. Síbẹ̀, ọjọ́ tó kọ́kọ́ lọ sí jíìmù, ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ló dé, ó gbọ́ bí irin ṣe ń dún gbàǹ-gbàǹ lókè, ó yí padà. Lọ́jọ́ kejì, ó tún yí padà, ó wá ra ata rodo ní Tèjúoṣó kó lè dà bí ẹni pé nǹkan tó bá wá nìyẹn. Ata wà nílé, ó kún inú ike. Ọjọ́ kẹta ló tó gun òkè, tó di ògiri mú.

Kì í ṣe irin ló bà á lẹ́rù, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ohun tó bà á lẹ́rù ni pé kò mọ ibi tí wọ́n ń jókòó sí lára ohunkóhun níbẹ̀, kò mọ ibi tí wọ́n ń dì mú. Gbogbo ògiri wá jẹ́ dígí, kò sí ibi tó yíjú sí tí kò rí ara rẹ̀, pẹ̀lú híjáàbù àti ṣòkòtò tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán. Ẹni tó ti ń kọ́ èèyàn níṣẹ́ láti ogún ọdún, kó wá di òpè níwájú àwọn ọmọ tí àbíkẹ́yìn rẹ̀ jù lọ.

Ìgbà tí wọ́n rí i ni wàhálà gan-an bẹ̀rẹ̀, wàhálà tó dùn mọ́ ọn nínú lákọ̀ọ́kọ́. Akínlabí tó ni jíìmù, géńdé tí àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àwọn ọmọbìnrin kúnlẹ̀. Ẹnì kan gbé àga wá, ẹnì kan gbé omi tútù wá, ẹni tó wà lórí ẹ̀rọ sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "Ẹ jókòó, màámi." Wọ́n gbà á lálejò bí wọ́n ṣe ń gba ìyá ọkọ tó wá kí wọn. Ó jókòó, ó mu omi, ó ṣàdúrà fún wọn, ó lọ sílé. Itan rẹ̀ ò sì ṣe nǹkan kan.

Ummulkhair ni wọ́n yàn pé kó máa kọ́ ọ. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni, ó gbọ́n, ó lágbára, ó ń wọ híjáàbù bíi tirẹ̀. Ó mú un lọ sídìí ẹ̀rọ kan tí wọ́n ṣe fún itan: ìjókòó tó ní ìfẹ̀yìntì, àti pátákó irin kan níwájú ẹsẹ̀. Gìgísẹ̀ méjèèjì lèèyàn á fi ti pátákó náà lọ títí ẹsẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ nà tán, á wá rọra dá a padà. Ummulkhair ṣe é lẹ́ẹ̀mejì kó rí i, ó ní, "Ẹ rọra máa ṣe é, mà," ó sì sún sẹ́yìn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ìyá Rilwan wo pátákó náà, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó mọ nǹkan tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Orí máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́ kí ti iná tó dé. Ló bá fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ lé e, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ kíákíá, kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀, bí ẹni ń rán etí bùbá. Pátákó ń mì díẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ ń ṣiṣẹ́, itan jókòó jẹ́ẹ́ bí àlejò. Gbogbo wọn rí i. "Ẹ kú iṣẹ́, màámi," ni wọ́n ń wí bí wọ́n ṣe ń kọjá. Òun náà ń dáhùn pé, "Ẹ ṣeun, ọmọ mi," ó sì ń tẹ̀ ẹ́ lọ.

Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin tuntun kan jókòó lórí ẹ̀rọ náà, ó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tì í. Ummulkhair ò jẹ́ kó tì í lẹ́ẹ̀kejì. "Kì í ṣe báyẹn. Gìgísẹ̀ ni kó o fi tì í, kó lọ dáadáa. Báyẹn ò lè ṣe itan ẹ ní nǹkan kan."

Ìyá Rilwan wà nítòsí, ó ń mumi. Ó gbé ike omi sílẹ̀. Ó ní, "Ummulkhair, èmi ńkọ́?"

Ọmọ náà kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. "Ẹ má bínú, mà. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún yín ni. Ẹ ju ìyá mi lọ."

 Ìyá Rilwan kó bàtà rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀. Inú bí i débi pé kò rántí pé orúnkún ń dùn ún títí ó fi dé Ọ̀yìngbò. Ojú wá tì í ju bí inú ṣe bí i lọ. Ó ro ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi ń rán aṣọ tí kò sí níbẹ̀, níwájú dígí, tí gbogbo wọn ń kí i kú iṣẹ́. Ó ní òun ò tún dé ibẹ̀ mọ́ láéláé. Ọjọ́ mẹ́wàá kọjá, kò lọ.

Adékẹ́mi, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ tíṣà ní Múṣin, ló wá kí i lọ́jọ́ Àìkú. Adékẹ́mi ti pé ọdún mẹ́rìnlélógójì, ṣùgbọ́n Ìyá Rilwan ò pe orúkọ rẹ̀ rí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí wọ́n gbé Jemilat níyàwó wọ ilé wọn ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ó bá a nílé ni, ọkọ rẹ̀ sì ni. Awẹ́lẹ́wà ló sọ ọ́, Awẹ́lẹ́wà ló ń pè é títí di òní. Ó ro ẹjọ́ jíìmù fún un látòkèdélẹ̀.

Adékẹ́mi gbọ́ ọ tán, ó rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, ẹ rántí ọjọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ ro ọkà nílé wa?"

Ó rántí. Ó ti ń dà á sínú abọ́ nígbà tí ọmọ ọdún mẹ́jọ yìí kówọ́ sẹ́yìn, tó ní, "Ìyàwó, kókó wà nínú ẹ̀. Baba wa ò ní jẹ ẹ́. Ẹ tún un rò." Ojú tì í, ó tún un rò. Ọmọ yẹn náà ló fi kànga hàn án, òun ló kọ́ ọ ní orúkọ gbogbo ẹni tó ní láti kúnlẹ̀ fún. Oṣù mẹ́ta, ó ti mọ ilé náà ju àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀ lọ.

Adékẹ́mi ní, "Ká ní pé ẹ wọlé wa bí ìyá ọkọ ni, ta ló máa sọ fún yín pé kókó wà nínú ọkà? A ó kàn jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ ni."

 Ìyá Rilwan bu ìrẹsì fún un, ó jókòó tì í, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó gun àtẹ̀gùn jíìmù. Wọ́n rí i, wọ́n fẹ́ kúnlẹ̀, ó gbọ́wọ́ sókè.

"Ẹ dúró. Ẹ̀yin ni mo bá nílé yìí, ẹ̀yin kọ́ lẹ bá mi. Ẹni tó bá èèyàn nílé, kí ni wọ́n ń pè é?"

Òun náà ló dá ara rẹ̀ lóhùn.

"Ọkọ ni. Ìyàwó tuntun ni mo jẹ́ fún yín. Ìyàwó kì í jókòó kí ọkọ máa gbé omi fún un, ọkọ kì í sì í wo ìyàwó kó máa ṣì í ṣe. Èmi ló yẹ kó kúnlẹ̀ kí yín láàárọ̀ yìí, orúnkún ni ò gbà. Lọ́jọ́ tó bá gbà, ẹ ó rí i." Ó yíjú sí Ummulkhair. "Ìwọ, Eyínfúnjowó ni mo sọ ọ́. Akínlabí, Akọni ni tìẹ. Ó yá, ẹ kọ́ mi."

Ọmọ Yorùbá ni wọ́n, bí wọ́n tilẹ̀ ń gbé Yábàá, ọ̀rọ̀ náà yé wọn. Ṣùgbọ́n kí nǹkan yéni yàtọ̀ sí kí ẹnu gbé e. Wọ́n ń ṣe bí ẹni tí iná wà lẹ́nu rẹ̀. Akínlabí ló kọ́kọ́ gbìyànjú. Ìyá Rilwan lo irin kékeré kan tán, ó fi í sílẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Akínlabí wúkọ́, ó wo òkè àjà. "Ìyàwó... a kì í fi irin sílẹ̀ báyìí nílé yìí. Ẹ dá a padà síbi tẹ́ ẹ ti mú un."

 Ìyá Rilwan gbé irin náà, ó dá a padà sípò rẹ̀. "Ẹ ṣeun, ọkọ mi."

Láti ọjọ́ náà ni ẹnu Ummulkhair ti là. "Gìgísẹ̀, ìyàwó wa." "Ẹ má sé èémí." "Ẹ̀yìn yín ò kan ìfẹ̀yìntì." Ìyàwó náà ò tijú àtibéèrè, nítorí ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ó bi wọ́n léèrè ohun tí ìkọ́ kékeré ara irin wà fún. Ó bi wọ́n pé tí ẹ̀rọ tí wọ́n ń rìn lórí rẹ̀ bá sáré ju òun lọ ńkọ́. Wọ́n fi bọ́tìnì pupa hàn án, pé tó bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ á dúró. Ẹ̀ẹ̀mọkànlá ló tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kò sí nǹkan tó ṣe ẹ̀rọ, ó kàn fẹ́ mọ̀ pé bọ́tìnì ń gbọ́ràn. Lẹ́yìn náà ló tó gbé ẹsẹ̀, ó sì rìn.

Ẹ má rò pé ó rọrùn. Àwọn ọjọ́ kan wà tí itan rẹ̀ ń gbọ̀n lórí àtẹ̀gùn débi pé ó ní láti jókòó lágbedeméjì. Ó jókòó, ó sinmi, ó sọ̀ kalẹ̀, ó padà wá lọ́túnla. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ní oṣù kẹrin, irin tó ń fi itan tì ti di ìlọ́po mẹ́ta èyí tó fi bẹ̀rẹ̀, mo sì mọ géńdé tí kò lè tì í.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ọmọge ọjọ́sí tún gbé àga funfun wá. Ìyá Rilwan dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gba àga náà, ó gbé e fún ìyá arúgbó kan tó wà lẹ́yìn. Ó dúró ní sàfù. Nígbà tí lèmọ́mù kábàrá fún ìforíkanlẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú àwọn yòókù, iwájú orí rẹ̀ kan ẹní. Ẹní náà ń rùn bí ẹní àtijọ́ ṣe ń rùn. Ó ní, "Mo ti dé, Olúwa mi," omijé sì bọ́, ó dárúkọ ọkọ rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì rí i. Nígbà tí wọ́n dìde, òun náà dìde.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó wọ jíìmù, ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó fi orúnkún òsì kanlẹ̀, ó fi ọ̀tún tẹ̀ lé e. "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọkọ mi."

Irin dẹ́kun dídún. Akínlabí sọ tọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin kúnlẹ̀ níbi tí oníkálukú wọn wà. Ummulkhair sáré wá, ó na ọwọ́ láti gbé e dìde. Ó wá rántí ìlérí ọjọ́sí. Ó fa ọwọ́ náà padà, ó fi í sẹ́yìn, ó sì kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, omi wà lójú rẹ̀.

Kò wá ku ẹni tó dúró nínú ilé náà. Ọmọdé kì í dìde kí àgbà tó dáhùn, ìyàwó kì í sì í dìde kí ọkọ tó dáhùn. Wọ́n ń wo ara wọn nílẹ̀, Akínlabí ń wo ilẹ̀ ní tirẹ̀.

Ummulkhair ló sọ ọ́ nígbẹ̀yìn. "Ìyàwó wa, ẹ dìde."

Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, ó fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀ dáadáa, ó dìde. Kò di nǹkan kan mú. Ó wò wọ́n yíká bí wọ́n ṣe wà nílẹ̀ síbẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀yin náà, ẹ dìde. Iṣẹ́ wà."