Ìwé Apànìyàn Tí Mo Kà Lábẹ́ Igi Ọ̀dán

Ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, ọmọ-ọmọ mi obìnrin jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń jẹ gúgúrú. Ó gbé fóònù rẹ̀ sí orí àpótí, ohùn ọkùnrin kan sì ń ti inú rẹ̀ jáde, ó ń ròyìn bí wọ́n ṣe pa obìnrin kan ní ìlú òyìnbó àti ibi tí wọ́n gbé òkú rẹ̀ pamọ́ sí. Mo bi í pé irú eré wo nìyí. Ó ní, "Mọ́mì àgbà, kì í ṣe eré o. Ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó dùn." Mo ní kò burú. Ṣùgbọ́n gúgúrú tí mo bù sọ́wọ́ kò ṣeé jẹ mọ́, nítorí ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn, èmi náà ti fi ẹnu ara mi sọ ọ́ rí, nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ọ̀fà níbí.

Ibùdókọ̀ rélùwéè ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà náà, ọkọ̀ ojú irin ni ayé ń gùn lọ sí òkè Ọya, ẹni tó bá sì ń rìnrìn àjò tó jìnnà bẹ́ẹ̀ kò lè máa wo igbó láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Wọ́n a ra ìwé pẹlẹbẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri, wọ́n a kà á, wọ́n a sì fi í sílẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì. Bàbá mi a ṣà wọ́n bọ àpò, a gbé wọn wá fún mi nílé. Èmi nìkan ni mo fẹ́ràn wọn. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní ìwé tí wọ́n ń fún àwọn ní ilé ẹ̀kọ́ ti tó fìyà jẹ àwọn.

Oríṣi mẹ́ta ni ìwé wọ̀nyí: ìtàn ìlú, ìtàn ìgbésí ayé ẹni ńlá, àti ìtàn ọ̀ràn tó dé kóòtù. Mo rántí ìtàn ìlú kan tó sọ nípa ogun tó tú Ọ̀fà ká láyé ìjọ́sí. Mo fi ìwàǹwára kà á dé ibẹ̀, nítorí ìyá àgbà, tó bí ìyá mi, ti sọ fún wa bí wọ́n ṣe pọ̀n òun sá lọ, bí wọ́n ṣe jẹ ewé inú igbó, àti bí ẹ̀gbọ́n òun kan ṣe bọ́ sọ́nà tí wọn ò rí i mọ́. Ìlà kan péré ni mo bá nínú ìwé: Ìlú náà sì tú. Mo ṣí ìwé síwájú, mo ṣí i sẹ́yìn, kò sí nǹkan mìíràn. Mo lọ kà á fún ìyá àgbà. Ó ní, "Ṣé ó parí náà nìyẹn?" Mo ní ó parí, mà. Ó ní, "Ẹni tó kọ ọ́ kò sáré rí nìyẹn."

Ti ẹni ńlá tún nìyí. Ìwé kan ní àlùfáà kan tó ti kú kò bínú rí láyé rẹ̀. Mo ka ibẹ̀ fún bàbá arúgbó kan nínú ìjọ wa tó ti bá àlùfáà náà gbé ẹrù nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́. Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí tí ikọ́ fi gbé e. Ó fọwọ́ pa àpá kan ní iwájú orí rẹ̀, ó ní, "Kò bínú rí? Ta ló wá la fìtílà mọ́ mi lórí?"

Ṣùgbọ́n ìtàn ọ̀ràn ni mo fẹ́ràn jù. Kí wọ́n ti pààyàn, kí ọlọ́pàá máa tọpa, kí adájọ́ dé fìlà dúdú tó fi ń dá ẹjọ́ ikú, ara mi a máa wá gbọ̀n rìrì, n ó sì tún fẹ́ kí ó máa gbọ̀n sí i. N kì í dá wọn kà. Iwájú agboolé wa ni igi ọ̀dán ńlá kan wà, abẹ́ rẹ̀ ni Ìyá Sàlámátù ti ń dirun fún àwọn obìnrin àdúgbò. Bí a bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, tí mo jẹun tán, ibẹ̀ ni mo ń gbé ìwé lọ. Wọ́n a máa dirun, èmi a máa kà.

Ìyá Sàlámátù kì í ṣe ọmọ Ọ̀fà. Ó kó dé láti ọ̀nà jíjìn pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Baálé agboolé sì fún un ní yàrá kan. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ìka rẹ̀ gùn, ọwọ́ rẹ̀ sì tutù lórí ènìyàn débi pé oorun a máa gbé àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ. Imàle ni wọ́n, ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni wá, ṣùgbọ́n ìkòkò ànàmọ́ kan náà ni èmi àti Sàlámátù ń jẹ. Sàlámátù ni ọ̀rẹ́ mi. Ó pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́, nítorí náà èmi ni mò ń kọ́ ọ ní ìwé kíkà; a máa fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Ó sọ fún mi pé bàbá òun ń ṣòwò ní Kánò, pé ó ń bọ̀, pé yóò ra bàtà funfun bọ̀ fún òun. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n ni bàbá náà ti ń bọ̀ láti Kánò.

Ní ọ̀sán kan, ìyá mi ló jókòó sáàárín ẹsẹ̀ Ìyá Sàlámátù, kọ̀lẹ́sẹ̀ ló fẹ́ dì. Ìyá Aláró, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kì í yé dúdú nítorí iṣẹ́ aró, ń dúró de ìpín tirẹ̀. Sàlámátù jókòó tì mí. Ìwé tó wà lọ́wọ́ mi tinrin, èèpo rẹ̀ pupa. Ó sọ nípa àgbẹ̀ kan ní ilẹ̀ kòkó tó fi àdá pa ọ̀rẹ́ rẹ̀ nítorí ààlà oko, tó fi ewé kòkó bo òkú mọ́lẹ̀, tó sì tún bá àwọn ará ìlú wá ọ̀rẹ́ náà kiri, tó ń ké orúkọ rẹ̀ nínú igbó.

Ìyá Aláró lọgun. "Yéè! Ó tún ń bá wọn wá a! Ṣé ènìyàn ni àbí iwin?"

Mo ní, "Ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ o, mà. Ìyẹn ló jẹ́ kó dùn."

Ẹni tó kọ ìwé náà gbọ́n. Kò dárúkọ apànìyàn. Ọ̀rẹ́ burúkú ló ń pè é ṣáá, títí ọ̀rọ̀ fi dé kóòtù. Ibẹ̀ ni akọ̀wé ti ké orúkọ rẹ̀ síta. Mo gbé ohùn sókè bí akọ̀wé kóòtù, mo kà á: "Bùráímọ̀ Àkànjí!"

Ìyá mi ní, "Ẹ rọra o, Ìyá Sàlámátù, ẹ ń fa irun mi."

Ọwọ́ Ìyá Sàlámátù ti dúró nínú irun. Ó wò mí. Ó ní, "Jọ̀ọ́, ọmọ mi, tún orúkọ yẹn pè."

Mo tún un pè. Mo ka orúkọ ìlú rẹ̀ àti orúkọ ìyá tó bí i mọ́ ọn, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé.

Ó ní, "Bàbá Sàlámátù nìyẹn."

Mo ti ka oríṣiríṣi nǹkan tó bani lẹ́rù, ṣùgbọ́n n ò gbọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó dà bí ìyẹn rí, títí di òní. Ìyá Aláró fi àtẹ́lẹwọ́ dúdú bo ẹnu. Mo yíjú sí Sàlámátù. Kò sunkún. Ó ń wo èèpo ìwé pupa yẹn bí ẹni pé wọ́n sọ pé bàbá rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ó sì ń wò ó bóyá yóò jáde.

Ìyá mi ní kí n pa ìwé dé kíákíá. Ìyá Sàlámátù ní, "Rárá, ẹ jẹ́ kó kà á tán. Ilé àwọn òbí mi ni mo wà, mo fẹ́ bí ọmọ yìí, nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n mi sọ pé ọkọ mi ti dá ọ̀ràn, pé n ò gbọdọ̀ padà síbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, wọn ò jẹ́ kí n dárúkọ rẹ̀ mọ́. N ò mọ̀ bóyá wọ́n pa á, n ò mọ̀ bóyá ó wà lẹ́wọ̀n. Bí mo bá ń kírun, mo máa ń ṣàdúrà fún un bí alààyè, mo tún máa ń ṣe é bí òkú. Kà á, ọmọ mi. Jẹ́ kí n mọ èyí tó jẹ́."

Mo kà á. Ohùn mi tí mo ti ń gbé sókè bí ti akọ̀wé kóòtù ti di ohùn ẹ̀fọn. Adájọ́ dá ẹjọ́ ikú. Wọ́n mú un jáde ní àárọ̀, wọ́n fi okùn sí i lọ́rùn. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ẹ̀mí ti bọ́. Ibẹ̀ ni ìwé parí sí.

Ìyá Sàlámátù mi orí díẹ̀díẹ̀. Ó bi mí pé, "Kò sọ nǹkan kan? Kí wọ́n tó pa á, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni?"

Mo wo ìwé. Kò sí ohunkóhun níbẹ̀. Mo ti fẹ́ la ẹnu pé kò sí, mà, nígbà tí Sàlámátù gba ìwé lọ́wọ́ mi. Ó fi ìka sí ìlà tó gbẹ̀yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú wàhálà tirẹ̀, bí mo ti kọ́ ọ.

"Ó ní… kí wọ́n… bá òun kí… ìyàwó òun… àti ọmọ… tí òun ò tíì rí."

Mo wo ìka rẹ̀. Orí ọ̀rọ̀ dókítà ló wà: ẹ̀mí ti bọ́.

Ìyá rẹ̀ ní, "Ó rántí wa." Ó gbé ìlarun sílẹ̀, ó dìde, ó wọ yàrá lọ. Sàlámátù dá ìwé padà fún mi, ó sì tẹ̀lé e. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ la wá gbọ́ igbe ọmọ náà láti inú yàrá. Ìyá mi tó jókòó sílẹ̀, tí wọ́n ti di apá ọ̀tún orí rẹ̀, tí tòsì dúró gangan, fa gèlè rẹ̀, ó wé e, ó sì wọlé lọ.

Ọ̀rọ̀ náà ká àdúgbò kí ọjọ́ kejì tó mọ́. Ìyá Aláró ló kọ́kọ́ sọ pé ọwọ́ tó ti fọ ẹ̀wù apànìyàn kò ní kan orí òun, pé orí kì í ṣe nǹkan tí a ń gbé fún ẹni tí a bá ṣáà ti rí. Àwọn yòókù gbà á gbọ́. Abẹ́ igi ọ̀dán dá. Ìyá Sàlámátù a gbé àpótí rẹ̀ jáde, a jókòó lé e, kò sí ẹni tí yóò yà. Àwọn kan tiẹ̀ lọ bá Baálé pé kó lé wọn. Baálé ní ẹni tí wọ́n so rọ̀ kò sí nínú yàrá òun, ìyàwó àti ọmọ ló wà níbẹ̀.

Ìyá mi ń wé gèlè káàkiri, ó wé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá mi ní, "Ṣé o ò ní lọ di ìyókù níbòmíràn ni?" Ìyá mi ní, "Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ló máa parí ẹ̀."

Kò kọ́kọ́ lọ, mo rò pé ẹ̀rù ń ba òun náà. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ ọjà, tí èrò kún ojú ọ̀nà, ó jáde, ó tú gèlè lójú gbogbo ènìyàn, ìdajì orí rẹ̀ rí wúruwùru, ó sì lọ jókòó sáàárín ẹsẹ̀ Ìyá Sàlámátù.

"Mo wá parí orí mi o."

Ìyá Sàlámátù ní, "Ṣé ẹ̀rù ò bà yín ni?"

"Ọmọ Ọ̀fà kì í sá fún ìjàkadì, ṣé irun ni n ó wá sá fún? Ẹ ṣáà rọra fà á."

Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn obìnrin tún ń yà. Ìyá Aláró ló dé kẹ́yìn gbogbo wọn. Kò tọrọ àforíjì. Ó kàn ń kùn pé onídìrí tí òun bá lọ́nà ọjà fẹ́ fa awọ orí òun ya, ó sì tẹ́ ìdí sílẹ̀. Ìyá Sàlámátù di ṣùkú fún un, ó rẹwà.

Èmi ní tèmi sọ fún bàbá mi pé kó má gbé ìwé apànìyàn wá mọ́. Ó fọwọ́ kan ọrùn mi bóyá ibà ló ń ṣe mí.

Lẹ́yìn tí a gba òmìnira, Ìyá Sàlámátù fẹ́ télọ̀ kan tó ń gbé ní Jẹ́bà. Mo sìn wọ́n dé ibùdókọ̀. Sàlámátù ti ga jù mí lọ nígbà náà, ó sì ti mọ̀wé kà ju bí mo ti kọ́ ọ lọ. A kò tíì sọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn rí. Bí ọkọ̀ ti ń fọn fèrè, mo ní, "Sàlámátù, ohun tó o kà fún ìyá ẹ lọ́jọ́sí, kò sí nínú ìwé."

Ó ní, "Mo mọ̀. Ìwé yẹn ni ò pé."

Ọkọ̀ gbé wọn lọ. N ò rí i mọ́. Mo ti béèrè lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ará Jẹ́bà, wọn ò mọ̀ ọ́n.

Ọ̀fà tí mò ń wí yìí ti lọ jìnnà. Wọ́n ti gé igi ọ̀dán, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta káàdì fóònù ló wà níbẹ̀ báyìí, ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ ló sì ń gbé àwọn ọmọ póli kọjá níwájú rẹ̀. Àwọn tó jókòó lábẹ́ igi náà lọ́jọ́ yẹn ti kú tán, àfi èmi, àti Sàlámátù bí Ọlọ́run bá dá a sí. Ohun tí kò yí padà ni pé etí ènìyàn ṣì fẹ́ràn ìtàn ẹ̀jẹ̀, n ò sì lè bá ẹnikẹ́ni jà sí i, nítorí n ò fi ìwé kíkà sílẹ̀. Mo ṣì ń ka ìtàn ogun, mo ń ka ìtàn ẹni ńlá, nígbà mìíràn ìtàn ọ̀ràn pàápàá. Ṣùgbọ́n bí mo bá dé ibi tí wọ́n ti dárúkọ ẹni tí ayé ń gégùn-ún fún, n kì í sáré kọjá. Mo máa ń rọra pe orúkọ náà síta, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ilé tí kò mọ ẹni tó wà nínú rẹ̀.