Ìlẹ̀kùn Ọkọ̀ Ọláṣùpọ̀

Ọláṣùpọ̀ kì í fi ojú yẹ ìlẹ̀kùn ọkọ̀ wò. Etí ló fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Á fi ìka méjì tì í, á dákẹ́. Bí ó bá dún gban, á tú u palẹ̀, á tún un ṣe. Bí ó bá dún pùú, bí ìgbà tí èèyàn ju ìrọ̀rí sórí bẹ́ẹ̀dì, á rẹ́rìn-ín. Á mú pẹ́ńsù yẹ́lò rẹ̀, á ya àmì sínú ìlẹ̀kùn náà, níbi tí ẹni tó ra ọkọ̀ kò ti ní rí i láéláé. Òdo kan, igi kan láàárín rẹ̀.

Iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn nígbà tí mo mọ̀ ọ́n, lọ́dún 1979. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń to ọkọ̀ lójú ọ̀nà Badagry, níbí ní Ọ̀jọ́, ni àwa méjèèjì wà. Èmi ń jó irin, òun ń fi ìlẹ̀kùn sí ọkọ̀. Ó wá láti Ìsẹ́yìn, èmi wá láti Ìlaròó. Ẹgbẹ́ mi ni, n kò ní máa pè é ní “wọ́n” nínú ìwé yìí. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Ẹni tó bá ń wá ọ̀rọ̀ dídùn, kó lọ tan redíò. Ọ̀rọ̀ dídùn ló bá wa dé ibi tí a wà yìí.

Nígbà yẹn, ìjọba ní kí a máa ṣe nǹkan tiwa. Ológun bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, alágbádá bá a lọ. Wọ́n ní orílẹ̀-èdè tí kò lè ṣe ọkọ̀ ara rẹ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ ni láàárín àwọn tó kù. N kò ní parọ́, ó dára fún wa. Bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ ń gbé wa láàárọ̀. Oúnjẹ ọ̀sán wà. Owó oṣù ni mo fi fẹ́yàwó, òun ni Ọláṣùpọ̀ náà fi fẹ́ Àdìjá. Ohun tí wọn kò sọ ni pé inú àpótí ni ọkọ̀ náà ti ń wá láti òkè òkun. Ẹ́ńjìnì, gíláàsì, títí dé nọ́ọ̀tì. Àwa kàn ń tò ó pọ̀ ni. Dọ́là ni wọ́n fi ń ra àpótí, owó epo rọ̀bì ni wọ́n fi ń rí dọ́là. Nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, àwọn tó ń pariwo “nǹkan tiwa” dákẹ́.

Lọ́dún 1986, ìjọba ológun tó wà nígbà náà ní a ti ń ṣe é bọ̀ lódì. Àwọn ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní kí ìjọba kó ọwọ́ kúrò nínú gbogbo nǹkan. Kí ọjà fúnra rẹ̀ sọ iye tí náírà jẹ́. Wọ́n ní á ro wá lára díẹ̀, lẹ́yìn náà ara á tù wá. Mo rántí dáadáa, nítorí Ọláṣùpọ̀ gbà wọ́n gbọ́. Ìdí oúnjẹ ọ̀sán la wà. Májẹ́ ló máa ń pè mí, ó gé Májẹ́kódùnmí kúrú.

“Májẹ́, ṣe sùúrù. Àwọn èèyàn yìí mọ̀wé.”

“Ṣé wọ́n mọ ebi?”

“O tún ti bẹ̀rẹ̀. Ìwọ ò fẹ́ràn ẹnikẹ́ni tó bá ti wọ táì.”

“Táì ò ṣe mí ní nǹkan kan. Ẹni tó ní á ro mí lára, tí kò ní ro òun náà, òun ni mò ń bá wí.”

Àpótí bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n. A ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ó di ọjọ́ kan. Ó di kí a kàn máa gbálẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí a máa lọ sílé, wọ́n ní àwọn yóò ránṣẹ́ pè wá. Ọláṣùpọ̀ fi káàdì ilé iṣẹ́ rẹ̀ sínú Kùránì, kó má bàa sọnù. Lójú ọ̀nà Badagry kan náà, níwájú géètì wa gan-an, tòkunbọ̀ ń ti Kútọnu bọ̀, ọ̀kan ń tẹ̀ lé ọ̀kan. Ọjà ti sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Kí lèèyàn ó ṣe? Èmi ń jó géètì fún onílé. Ọláṣùpọ̀ di onípánẹ́ẹ̀lì ní Igbó-Elérin, ó ń na ọkọ̀ tí àwọn òyìnbó ti lò sú. Ó lé ní ogún ọdún tó fi ń fọ́n ọ̀dà sára mọ́tò láìbo imú. Òórùn ọ̀dà wọ̀ ọ́ nímú títí imú náà fi kú. Ìrẹsì á máa jóná lórí iná, á jókòó tì í, kò ní mọ̀. Àdìjá á sáré jáde.

“Bàbá Kíkẹ́lọmọ, ta lẹ yá ní imú yín?”

“Á dá a padà lọ́la,” ni yóò sọ.

Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ ìjàpá àtijọ́ kan wọlé sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó tú inú ìlẹ̀kùn. Òdo kan, igi kan. Àmì ara rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ nínú ìdọ̀tí. Ó ṣe ọkọ̀ náà tán, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Àdìjá kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ìjọba ń lọ, ìjọba ń bọ̀. Ọ̀kan bu owó lé tòkunbọ̀, ó ní kí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ lè tún ṣí ni. Ọláṣùpọ̀ nu káàdì rẹ̀. Wọn kò pè é. Tòkunbọ̀ kàn wọ́n ni. Òmíràn ti ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ pa lọ́dún 2019, ó ní ohun tí a bá gbìn ni kí a máa jẹ. Ọkọ̀ tó ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀ dín kù. Ó tún nu káàdì. Mo ní, “Bí o bá ń nù ún báyìí, àwòrán ojú rẹ á ṣí kúrò lára rẹ̀.” Kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí apá rẹ̀ kò lè gbé òòlù mọ́, ó fi gbogbo ohun tó tù jọ ra kórópe kan, bọ́ọ̀sì kékeré tó ń ná Òkókómáíkò sí Ìbá. Muheez, ọmọ àdúgbò wa, ló ń wà á. Ohun tí Muheez bá mú wá ni òun àti Àdìjá ń jẹ. Owó ìfẹ̀yìntì kò sí. Kíkẹ́lọmọ ọmọ wọn wà nílé ọkọ, ó ń wá tirẹ̀. Kórópe yẹn ni gbogbo ọjọ́ ogbó wọn. Bí ó bá ń lọ, wọ́n ń jẹun. Bí ó bá dúró, kò sí nǹkan mìíràn.

Ó dúró.

Ọdún 2023, ìjọba tuntun gorí oyè. Lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Kò ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ, wọ́n tún tú náírà sílẹ̀ fún ọjà. Ọ̀rọ̀ kan náà. Á ro wá lára díẹ̀, lẹ́yìn náà ara á tù wá. Mo ti gbọ́ ọ nígbà tí gbogbo irun orí mi dúdú.

Epo fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta kí a tó mọ̀. Àwọn èrò ń fẹsẹ̀ rìn láti Ìyànà Ìbá. Gbogbo ohun tí Muheez bá pa, inú táǹkì ló ń padà sí. Lọ́jọ́ kan, ó gbé kọ́kọ́rọ́ ka orí tábìlì.

“Bàbá, ẹ má bínú. Ilé epo ni mò ń ṣiṣẹ́ fún, kì í ṣe ẹ̀yin.”

“Níbo lo wá ń lọ?”

“Alaba Rago. Mo fẹ́ máa bá wọn já àgbò sílẹ̀. Àgbò kì í mu epo.”

Kórópe wà níwájú ilé fún oṣù mẹ́rin. Àdìjá ń ṣa ìgò òfìfo tà. Mo wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ọláṣùpọ̀ ń mu gààrí, omi nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi kí n má bàa rí i.

Ibi tí nǹkan wà nìyẹn tí Ìdírísù fi dé. Ìdírísù ni alága ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń ṣèjọba, ní wọ́ọ̀dù wa. Ọ̀dọ̀ Ọláṣùpọ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ pánẹ́ẹ̀lì, kó tó rí iṣẹ́ tó rọrùn jù ú lọ. Ó jókòó, ó na aṣọ rẹ̀ kó má bàa rún.

“Ọ̀gá mi, gáàsì ló kù báyìí. Ìjọba ní ká fi epo sílẹ̀. Gáàsì wà lábẹ́ ilẹ̀ wa rẹpẹtẹ. Wọ́n á bá yín yí ọkọ̀ yín sí ti gáàsì, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ jẹ́ n kọ orúkọ yín.”

“Ìgbà wo ni wọ́n máa yí i?” Èmi ni mo bi í.

“Bàbá Májẹ́kódùnmí, ètò ọrọ̀ ajé kì í ṣe àkàrà tí wọ́n ń dín lójú ẹsẹ̀.”

“Àkàrà la máa ń jẹ, Ìdírísù. A kì í jẹ ètò.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin bàbá yìí! Ṣé ó dáa kí ìjọba máa bá olówó san owó epo? Àwọn tó ní jíìpù mẹ́fà ló ń mu epo yẹn jù.”

Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní jíìpù mẹ́fà ṣì ní mẹ́fà títí dòní. Ọláṣùpọ̀ tó ní ẹyọ kan ni ọkọ̀ rẹ̀ dúró.

Ìdírísù kọ orúkọ, ó lọ. Oṣù wọlé, oṣù jáde. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Ọláṣùpọ̀ lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n júwe fún un. Nígbà tó ti ẹlẹ́ẹ̀kẹrin dé, ó jókòó tì mí.

“Wọ́n ní ẹ̀rọ gáàsì náà ò tíì dé láti òkè òkun.”

“Báwo ni wọ́n ṣe ń kó o bọ̀?”

“Inú àpótí ló wà.”

A wo ara wa. Èmi rẹ́rìn-ín, òun kò rín. Ó ní, “Èmi tí mo ń to odindi ọkọ̀ látinú àpótí, ta ni mò ń dúró dè?”

Ohun tí mo fẹ́ kọ báyìí, mo ní ẹ̀bi nínú rẹ̀. Ó gbé sílíńdà gáàsì kúrò ní ilé ìdáná Àdìjá. A mọ̀ pé kì í ṣe irú èyí tí ìjọba ń wí. Tiwọn nípọn, tiwa fẹ́lẹ́. A mọ̀. Ó ra rọ́bà gáàsì, ó so ó mọ́ ẹ́ńjìnì. Èmi ni mo jó irin tó di sílíńdà mú lẹ́yìn ìjókòó. Èmi tí mo ní n kì í gba ọ̀rọ̀ dídùn gbọ́. Ebi ọ̀rẹ́ mi ni mo gbà gbọ́.

Lẹ́yìn náà, ó ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní kó ṣe. Gbogbo kórópe Èkó ni ìlẹ̀kùn wọn ń jo. Òjò ń wọlé, atẹ́gùn ń jáde. Ọláṣùpọ̀ ní èrò tó bá wọ ọkọ̀ òun gbọ́dọ̀ mọ̀ pé nǹkan tuntun lòun wọ̀. Ó tú ìlẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó fi rọ́bà tuntun yí etí wọn ká. Ó fi òòlù kékeré na ibi tó wọ́. Ó fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe é. Ó wá fi ìka méjì tì í.

“Májẹ́, gbọ́ ọ.”

Pùú.

Mo gbọ́ ọ. Ó dára. Ó yọ pẹ́ńsù yẹ́lò kan, n kò mọ ibi tó ti rí i, ó ya òdo, ó ya igi. A wà á dé Ìyànà Ìbá, a wà á padà. Àdìjá jó níwájú ilé. Ó ní ọ̀la lòun ó ra ẹja.

Lọ́jọ́ kejì, mò ń ti ìsìn òwúrọ̀ bọ̀ nínú sùtánà mi, láìwọ bàtà. Mo yà sí àdúgbò wọn, òórùn gáàsì pàdé mi lọ́nà. Ọláṣùpọ̀ ti ṣí ìlẹ̀kùn kórópe. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà nílẹ̀, ó na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́.

“Ọláṣùpọ̀! Má tàn án! Gáàsì!”

Ó bojú wẹ̀yìn. Ó fẹnu rẹ́rìn-ín sí mi. Òun kò gbọ́ òórùn kankan, bóyá ó rò pé ẹ̀rù lásán ló ń bà mí. Ó yí kọ́kọ́rọ́.

Gáàsì ti ń jo láti àná. Nínú kórópe ẹlòmíì, á ti gba ihò ìlẹ̀kùn jáde. Nínú ti Ọláṣùpọ̀, kò rí ibi gbà.

Iná náà jù ú sẹ́yìn sínú gọ́tà. Ìyẹn ló yọ ọ́. Sùtánà mi ni mo fi pa iná ara rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ló gbé wa lọ sí ọsibítù. Ojú rẹ̀ á san, wọ́n wí bẹ́ẹ̀. Ìka rẹ̀ ni wọn kò lè sọ.

Ní ọjọ́ kẹta, Ìdírísù wá. Ó mú ọsàn wá nínú ọ̀rá.

“Ọ̀gá mi, kí ló dé tí ẹ ò ṣe sùúrù? Òfin ò gbà á o. Ẹ jọ̀ọ́, bí àwọn oníròyìn bá dé, ẹ má sọ pé ẹgbẹ́ ló ní kí ẹ ṣe é.”

Mo dìde. “Sùúrù? Láti 1986 ló ti ń ṣe sùúrù! Ọdún méjìdínlógójì! Sùúrù mélòó lẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹyọ èèyàn kan? Gbé ọsàn rẹ! Ọwọ́ wo ni kó fi bó o?”

Àdìjá ló dì mí mú. Ìdírísù jáde. Ó mú ọsàn náà lọ.

Ọláṣùpọ̀ yíjú sí mi. Ó wá ní, “Ìlẹ̀kùn ńkọ́?”

“Mẹ́ta fò lọ. Ọ̀kan kù.”

“Ṣé ó ṣì ń pa dé?”

Inú bí mi sí i. Mo ní, “Ó pa dé jù! Òun ló sọ ọ́ di báyìí!”

“Mo mọ̀.” Ohùn rẹ̀ kò ròkè. “Iṣẹ́ tèmi nìyẹn, Májẹ́. Mo ṣe é, ó pa dé. Iṣẹ́ tiwọn dà?”

Ọdún márùndínláàádọ́ta tí mo ti mọ̀ ọ́n, n kò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí.

Ó ní kí Àdìjá mú Kùránì wá látilé. Ó mú un dé lọ́sàn-án. Ọláṣùpọ̀ fi àgbọ̀n júwe rẹ̀ fún mi. Mo yọ káàdì ilé iṣẹ́ náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin ló wà nínú àwòrán, irun rẹ̀ pọ̀.

“Bá mi fà á ya.”

Wọ́n fi ike bò ó, kò yá ya. Mo fi eyín fà á ya.