Ọ̀pẹ Abẹ́ Ibòòji àti Fìlà Àlájì

"Ìyá Olódòdó, ọ̀pẹ tí ẹ tà fún mi ti ń da àtíkè sórí tẹlifíṣọ̀n mi o. Mo ti mú ọ̀bẹ."

Bí ìpè náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àlájì, oníbàárà mi kan ní Masífà, ló pè. Inú ọgbà òdòdó mi l'Éjìgbò ni mo wà, mò ń bu omi sí àwọn irúgbìn inú ọ̀rá. Mo pariwo débi pé ewúrẹ́ aládùúgbò sá kúrò lẹ́bàá ògiri.

"Àlájì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gé e! Ọkọ ìyàwó ni!"

Ó yẹ kí n ṣàlàyé. Ọ̀pẹ tí gbogbo wa mọ̀, oòrùn ló ń fẹ́, ó sì ń ga títí a ó fi máa fi igbà gùn ún. Èyí tí mò ń sọ kò rí bẹ́ẹ̀. Abẹ́ àwọn igi ńláńlá nínú igbó ilẹ̀ òkèèrè ló ti ń hù, ibòòji ló fẹ́ràn. Kò ga ju àyà mi lọ. Ewé rẹ̀ kò ya wẹ́wẹ́ bíi màrìwò. Odidi ni, ẹnu rẹ̀ là sí méjì bí ìrù ẹja, ó sì ń dán bí irin. Ẹ gbé e sóòrùn, kò ní í pẹ́ tí yóò fi jó gbẹ. Kì í ta ọmọ nídìí bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, èso nìkan ló fi ń bí sí i. Akọ rẹ̀ lọ́tọ̀, abo rẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ kò sì lè mọ èwo ni èwo àfi ọjọ́ tó bá yọ òdòdó. Ìyẹ̀fun òdòdó akọ, tí Àlájì ń pè ní àtíkè, ló gbọ́dọ̀ kan òdòdó abo kó tó lè so.

Bàbá Àbíjàn, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, ló mú èso rẹ̀ wálé. Ọgbà ni wọ́n ń tọ́jú ní Àbíjàn títí ọjọ́ ogbó fi dé. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n gbìn, méjì péré ló kù: ọ̀kan lọ́gbà mi, abo ni, èkejì ni mo tà fún Àlájì nígbà tí mi ò tíì mọ̀ pé akọ ni. Abo wa ti gbó, ó ti ń tẹ̀. Ó ti tanná rí, òdòdó náà sì gbẹ dànù lásán torí pé kò rí ọkọ. Lọ́sẹ̀ yẹn, ó tún tanná. Bí èyí náà bá gbẹ, irú ọ̀pẹ yìí tán lọ́wọ́ wa nìyẹn, Bàbá á sì máa wò ó bó ṣe ń kú lọ.

Mo fò sórí ọ̀kadà. Títí dòní, mi ò rántí bóyá mo ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tí mo débẹ̀, Àlájì ti gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó jókòó síwájú ọ̀pẹ rẹ̀, ojú rẹ̀ le koko, Àlájà ìyàwó rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ọkọ ni mo mọ̀ tó ń lọ tọrọ ìyàwó," ni Àlájì wí. "Irú ẹbí wo ni tiyín?"

Mo rí i pé ẹ̀rín ti kún ẹnu rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. "Ẹ má bínú, sà. Ojú ló ń kán ọmọ wa."

"Ṣé ó níwà?"

"Kì í jáde sóòrùn, sà. Ilé ló ń gbé."

"Ṣé kì í jẹun jù?"

"Omi díẹ̀ ti tó o."

"Ṣé ó rẹwà?"

"Ẹ wo ọmọ tiyín, sà. Bákan náà ni wọ́n rí."

Àlájà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àlájì ní òun ti gbà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọ̀pẹ náà kó lè fi òdòdó hàn mí. Àfi bí wọ́n ṣe mú iná dé! Fáànù orí wa ta yìì. Gbogbo ìyẹ̀fun òdòdó náà gbéra, ó lọ bà sórí fìlà dúdú Àlájì. Lára òdòdó, kò ku nǹkan kan.

"Ẹ má mira, sà!"

Àlájà sáré pa fáànù. Àlájì dúró ṣanṣan. "Ṣé kí n ṣí i?"

"Tí ẹ bá ṣí i, ó máa dà nù."

Bí a ṣe kó sí ọkọ̀ wọn nìyẹn, gíláàsì ní títì pa, Àlájà ló ń wà á. Àlájì na ọrùn bí ẹni tí eéwo mú. Àwọn èèyàn ń kí i lọ́nà, ojú ló fi ń dá wọn lóhùn. Èmi tí mo wà lẹ́yìn, etí gèlè ni mo kì bọ ẹnu kí ẹ̀rín má baà pa mí.

Bàbá Àbíjàn ti jókòó lẹ́bàá ìyàwó, ìyẹn abo ọ̀pẹ inú ọgbà mi, nígbà tí a wọlé. Àlájì, tí Bàbá lè bí lọ́mọ, dúró gẹ́gẹ́ bí òpó. "Ẹ káàsán, sà."

Bàbá wò ó láti òkè délẹ̀, wọ́n sì kọjú sí mi. "Sìdí, ta ni ọmọkùnrin tó ń kí mi lóòró yìí?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Ṣé ó ti dàgbà ju ìdọ̀bálẹ̀ lọ ni?"

Òógùn bo Àlájì. "Bàbá, ọkọ ìyàwó ló wà lórí mi."

Kí Bàbá tó rò pé orí ẹni náà ti dàrú, mo yára ṣàlàyé. Wọ́n tẹjú mọ́ fìlà náà, ètè wọn ń gbọ̀n. Mo rò pé ìbínú ni. Ẹ̀rín ni! Wọ́n rín in débi pé ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Mo ṣa ìyẹ́ adìẹ kan nílẹ̀. Àlájì rọra tẹ orúnkún títí fìlà fi dé ibi tí ọwọ́ mi tó. "Dúsúmáà, Sìdí, dúsúmáà," ni Bàbá ń wí, Faransé tí wọ́n gbé bọ̀ láti Àbíjàn, pé kí n ṣe é jẹ́jẹ́. Mò ń fi ìyẹ́ gbá ìyẹ̀fun náà lórí fìlà, mò ń fi kan òdòdó abo lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó wúkọ́.

"Ó tó," ni Bàbá wí.

Kí n tó yí ojú, Àlájì ti nà gbalaja sínú ẹrẹ̀ tòun ti agbádá. "Ẹ káàsán o, Bàbá!"

Èso so. Ọ̀pá òdòdó náà pọ́n bí ọsàn, èso ara rẹ̀ sì dúdú minijọ. Mo gbìn wọ́n sábẹ́ ibòòji, wọ́n sì pẹ́ nílẹ̀ débi pé ọkàn mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí àkọ́kọ́ yọ, mo ránṣẹ́ sí Bàbá. Ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, ọwọ́ ni wọ́n fi wá ewé náà rí. Wọ́n fọwọ́ pa ẹnu rẹ̀ kékeré tó ti là sí méjì. Mò ń sunkún, mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń dúró kí wọ́n sọ Faransé kan fún mi.

Wọ́n gbé ọwọ́ sókè jẹ́jẹ́, wọ́n sì ṣí fìlà orí wọn fún ọmọ ọ̀pẹ náà.